Ṣé blood group ọmọ lè sọ genotype ẹ̀ fún wa?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. AS ni mí, AS lọkọ mi, a ti fẹ́ra ká tó mọ̀. Ọmọ wa àkọ́kọ́, ọkùnrin ni, èmi ló jọ bí ìgbà tí mo pọ̀ ọ́ jáde lẹ́nu, blood group ẹ̀ jẹ́ O bíi tèmi, AS ni. Ìkejì, obìnrin, bàbá ẹ̀ ló jọ délẹ̀délẹ̀, ó jẹ́ B bíi ti bàbá ẹ̀, SS ló wá jẹ́. Mo ti tún lóyún, ó pé ọ̀sẹ̀ 9. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ B yẹn ló gbé SS wá, pé tí eléyìí bá jọ mí tó sì jẹ́ O kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tòun, pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni SS, tiwa ti jáde, àwọn tó kù á dáa. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ọkùnrin lè fún àbúrò ẹ̀ ní mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n fi ń wo SS, bí blood group wọn ò ṣe bára mu yẹn?"

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé torí mo mọ̀ pé ọkàn yín ò balẹ̀: rárá o, ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Blood group ò gbé genotype wá, genotype náà ò gbé blood group wá. Ọmọ lè jẹ́ O kó jẹ́ SS, ìyẹn kó ní sickle cell, ó lè jẹ́ B kó jẹ́ AA, ó lè jọ yín dórí èékánná kó jẹ́ SS, ó sì lè jẹ́ bàbá ẹ̀ gan-an la máa rí lójú ẹ̀ kó má ní S kankan lára. Ti ẹ̀gbọ́n yín yẹn ló tiẹ̀ léwu jù lójú tèmi, màá dé bẹ̀.

Mi ò bá màmá wí ṣá. Ọmọ méjì ni wọ́n rí, wọ́n rí i pé ojú, ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn jọ rìn pọ̀ lára ọ̀kan, wọ́n sì rí òdìkejì ẹ̀ lára ìkejì, ta ni ò ní so ó pọ̀? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ méjì kéré jù. Ká ní ogójì ọmọ lẹ bí ni, màmá fúnra wọn á ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì gan-an. Jíìnì ni àṣẹ inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn jíìnì tí à ń sọ yìí, méjì méjì lèèyàn ń ní wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ̀yin jẹ́ AS, ìyẹn ni pé A kan S kan, ọkọ yín náà bẹ́ẹ̀. Tá a bá wá dé ibi blood group, ẹ̀yin jẹ́ O, O kì í sì í hàn síta àfi tí méjèèjì bá jẹ́ O, nítorí náà O àti O ló wà lọ́wọ́ yín, kò sí nǹkan míì tẹ́ ẹ lè fún ọmọ níbẹ̀. Ọkọ yín jẹ́ B. Ìyẹn lè jẹ́ B àti B, ó sì lè jẹ́ B àti O tí B bo O mọ́lẹ̀. Èwo ni tiwọn? Ọmọkùnrin yín ti dá wa lóhùn. Òun jẹ́ O, O kan ti ọ̀dọ̀ yín wá, ìkejì ò níbòmíì tó ti wá ju ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ lọ, á jẹ́ pé B àti O ni bàbá. Mo fẹ́ràn irú èyí gan-an, kéèyàn wo ọmọ kó fi mọ ohun tí bàbá gbé pamọ́ láìmọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Jíìnì tó ń pinnu A, B àti O ń gbé lórí kírómósómù 9; kírómósómù ni okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn jíìnì tò sí. Jíìnì tó ń pinnu genotype, ìyẹn èyí tó ń sọ bí hẹmoglóbíìnì, ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe máa rí, orí kírómósómù 11 ló wà. Ti positive àti negative tí wọ́n máa ń kọ tẹ̀ lé blood group, orí kírómósómù 1 nìyẹn tún wà. Ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. Pé lára ẹ̀jẹ̀ la ti ń rí wọn lábù ló jẹ́ káwọn èèyàn rò pé nǹkan kan náà ni, ìbátan jíìnì kan sí èkejì ò sí níbẹ̀ rárá, orúkọ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Kírómósómù 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, a kà á sí méjì-méjì lọ́nà 23. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó ní bàtà 23, ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú gbogbo bàtà yẹn bàbá ẹ̀ ló fún un, ẹsẹ̀ òsì ìyá ẹ̀ ló fún un, wọ́n wá ní kó kó ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú bàtà kọ̀ọ̀kan sínú àpò fún ọmọ ẹ̀, iná sì ti lọ, inú òkùnkùn ló ti ń mú un. Pé ó mú ọ̀tún níbi bàtà 9 ò ní kó mú ọ̀tún níbi bàtà 11, ó lè mú òsì, kò tiẹ̀ rántí ohun tó mú tẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà tí ara bá ń ṣe ẹyin tàbí àtọ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, àwọn méjì-méjì yìí á tò sí àárín, ọ̀kan kọjú síbí ọ̀kan kọjú sọ́hùn-ún, tí sẹ́ẹ̀lì bá wá pín kálukú á gba ọ̀nà ibi tó kọjú sí, bí 9 ṣe kọjú ò sì kan 11 rárá. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lè di àpò yẹn lọ́nà 8,388,608, a ò tíì fi ti ọkọ kún un, a ò sì tíì sọ pé àwọn méjì tó bára wọn dọ́gba tún máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ ègé ara wọn kí wọ́n tó ya. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá kan bàbá kan ò fi ń jọra tán, àfi ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá.

Tí àlàyé yìí bá ṣì ń ṣe yín bí àlọ́, ẹ dán an wò fúnra yín, kò gbà ju kọ́ìnì mẹ́ta, pépà díẹ̀ àti gọ́ọ̀mù. Ẹ kọ A sí ojú kan kọ́ìnì àkọ́kọ́, ẹ kọ S sójú kejì, tiyín nìyẹn. Ìkejì, A àti S náà, ti bàbá àwọn ọmọ. Ìkẹta, B sójú kan, O sójú kejì, ti bàbá náà ni. Tiyín níbi blood group ò nílò kọ́ìnì, O ló máa wà lójú méjèèjì. Ẹ wá gbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́wọ́, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ kọ ohun tó jáde, ọmọ kan nìyẹn. Ẹ ṣe é lógójì ìgbà, ẹ pe màmá kí wọ́n wá bá yín kà á. SS á jáde bí ìgbà 10, ó lè lé díẹ̀ ó lè dín díẹ̀, nínú àwọn SS yẹn ẹ̀ẹ́ rí i pé bí ìdajì bá B rìn, bí ìdajì bá O rìn. Kọ́ìnì kẹta ò mọ ohun tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣe.

Fún ilé yín, ìṣirò ẹ̀ nìyí: ọmọ tó jẹ́ O tí kì í ṣe SS, 3 nínú 8. Èyí tó jẹ́ B tí kì í ṣe SS, 3 nínú 8. O tó jẹ́ SS, 1 nínú 8. B tó jẹ́ SS, 1 nínú 8. Ẹ wá wò ó dáadáa: tí wọ́n bá pè yín pé ọmọ yìí jẹ́ O, SS ṣì jẹ́ 1 nínú 4. Tí wọ́n bá ní B ni, 1 nínú 4 náà ni. Blood group ò bù kún un, kò bù kúrò. Kó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin náà ò yí i padà, torí kírómósómù 11 kì í ṣe X, kì í sì í ṣe Y, àwọn tó ń pinnu akọ àti abo.

Ìbéèrè yín yìí ti pẹ́ láyé o. Ẹni tó kọ́kọ́ fi kíkà dá a lóhùn ni Gregor Mendel, àlùfáà Kátólíìkì kan nílùú Brno tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ẹ̀wà pea ló ń gbìn láàárín 1856 sí 1863. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà nígbà yẹn ni pé ìwà bàbá àti ti ìyá máa ń pò pọ̀ bí ọ̀dà ni. Mendel mú irú tí èso ẹ̀ rogodo tó sì jẹ́ yẹ́lò, ó gbé e gun irú tí èso ẹ̀ hunjọ tó sì jẹ́ gíríìnì. Gbogbo ọmọ wọn rogodo, gbogbo wọn yẹ́lò. Ó wá jẹ́ káwọn ọmọ yìí so fúnra wọn, igi 15 so èso 556, bàbá yìí jókòó ó ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: rogodo yẹ́lò 315, rogodo gíríìnì 108, èyí tó hunjọ tó jẹ́ yẹ́lò 101, èyí tó hunjọ tó jẹ́ gíríìnì 32.

Ẹ wo 108 àti 101 yẹn. Ká ní rogodo so mọ́ yẹ́lò bí màmá ṣe rò pé B so mọ́ SS ni, àwọn méjì yẹn ò yẹ kó wáyé rárá, torí kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn òbí àgbà wọn. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé o: ẹ kó àwọn rogodo nìkan sọ́tọ̀, yẹ́lò 315 gíríìnì 108, ó súnmọ́ 3 sí 1. Ẹ kó àwọn tó hunjọ sọ́tọ̀, yẹ́lò 101 gíríìnì 32, ó tún súnmọ́ 3 sí 1. Pé o mọ̀ pé èso kan rogodo ò jẹ́ kó o mọ àwọ̀ ẹ̀. Gẹ́lẹ́ bí pé ẹ mọ̀ pé ọmọ jẹ́ O ò ṣe ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá SS ni. Mendel ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kírómósómù, ó kàn kà á ni. Ó sọ ọ́ fáwọn èèyàn ní 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, kò sẹ́ni tó kà á sí, ó kú ní 1884, ó di 1900 kí àwọn onímọ̀ ewéko mẹ́ta, Hugo de Vries, Carl Correns àti Erich von Tschermak, tó tún un gbé jáde.

Àmọ́ o, kí n má ṣe bí ẹni pé màmá ṣì í pátápátá, nǹkan tó ń bára wọn rìn wà lóòótọ́. Bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, tí jíìnì méjì bá wá wà lára bàtà kan náà ńkọ́? Á jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan bá lọ ni ìkejì máa bá a lọ, àfi tí pàṣípààrọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá gé àárín wọn, bí wọ́n bá sì ṣe súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣòro fún un láti gé àárín wọn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bateson, Saunders àti Punnett, ló kọ́kọ́ rí i lára òdòdó ní 1905, pé òfin Mendel ò bá àwọn nǹkan kan mu, Morgan tó ń sin eṣinṣin ní Amẹ́ríkà ló wá jẹ́ ká mọ ìdí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan blood group gan-an: àìsàn kan wà tó máa ń ba èékánná jẹ́, tí ọmọrí orúnkún á kéré tàbí kó má tiẹ̀ sí, nail-patella ni wọ́n ń pè é. Jíìnì ẹ̀ wà lórí kírómósómù 9, àdúgbò kan náà pẹ̀lú ti blood group, láti 1955 ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn. Nínú ilé tí àìsàn yẹn bá wà, ká ní ara bàbá tó ní in, tí B ẹ̀ àti àìsàn náà jọ wà lára kírómósómù kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀ tó bá jẹ́ B ló máa ní àìsàn yẹn, ohun tí màmá sọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Níbẹ̀ náà ṣá, kì í ṣe B ló fà á, ilé ni wọ́n jọ ń gbé, torí tẹ́ ẹ bá lọ sílé ẹlòmíì ẹ lè rí i pé O tàbí A ló ń bá rìn lọ́dọ̀ tiwọn. Ti sickle cell àti blood group ò ní irú ìyẹn, 11 àti 9 ni.

Ọ̀rọ̀ ojú, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò wa. Jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí ojú èèyàn ṣe rí pọ̀ jàra, ó fọ́n ká orí kírómósómù púpọ̀, ọmọ lè mú imú bàbá, etí ìyá, ìrìn ìyá àgbà. Ẹnì kankan ò lè fi ojú ọmọ mọ ohun tó mú níbi kírómósómù 11.

Ó wá ku ti ẹ̀gbọ́n yín. Òótọ́ ni pé 1 nínú 4 ni, ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé ẹ ní ọmọ mẹ́rin kan nílẹ̀ tí SS kan wà láàárín wọn, tó bá ti jáde ó tán. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ju kọ́ìnì tiẹ̀ o, kọ́ìnì ò sì ní ìrántí. Ká mú tọkọtaya AS tó bí ọmọ mẹ́rin: pé kò ní sí SS kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ bíi 32 nínú 100. Pé ẹyọ kan gééré ló máa jẹ́ SS, bíi 42 nínú 100. Èyí tó kù, bíi 26 nínú 100, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa jẹ́ SS. Mo ti bá àwọn òbí pàdé tó jẹ́ pé ìrò "tiwa ti jáde" yìí ni ò jẹ́ kí wọ́n tètè ṣe tẹ́ẹ̀sì fọ́mọ tó tẹ̀ lé e, ó sì máa ń dun èèyàn.

Kí ló wá lè sọ ọ́ fún yín? Tẹ́ẹ̀sì jíìnì náà fúnra ẹ̀ ni, kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ 9 lẹ wà, ẹ ṣì tètè bèèrè. Láti bí ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, dọ́kítà lè mú bín-ín-tín lára ibi ọmọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, láti ọ̀sẹ̀ 15 wọ́n lè fa díẹ̀ lára omi tó yí ọmọ ká. Ewu kékeré wà níbẹ̀ pé oyún lè wálẹ̀, ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ máa jọ pinnu ẹ̀, dọ́kítà yín á ṣàlàyé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà. Tẹ́ ò bá fẹ́, kò burú, ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá bí, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: hẹmoglóbíìnì ọmọ tuntun, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní F, ti inú oyún, torí náà tẹ́ẹ̀sì kéékèèké tí wọ́n fi ń wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ́ kọdọrọ lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà, kò ṣeé gbọ́kàn lé lára ọmọ tí ò tíì pé oṣù 6. Ẹ ní kí wọ́n ṣe èyí tó ń ya oríṣi hẹmoglóbíìnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ SS, oògùn penicillin tó ń dènà kòkòrò ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù 3, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé ẹ má fi ti ẹ̀jẹ̀ O dúró.

Ti mùdùnmúdùn eegun, ìbéèrè yẹn dáa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Pé ọmọkùnrin yín jẹ́ AS ò ní kó má lè fún àbúrò ẹ̀, pé òun jẹ́ O tí àbúrò jẹ́ B náà ò dí i lọ́nà, àwọn dọ́kítà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí wọ́n máa wò ni àwọn jíìnì kan tó ń jẹ́ HLA, orí kírómósómù 6 nìyẹn wà, ilé ọ̀tọ̀ tún ni, torí náà blood group wọn àti genotype wọn ò lè sọ fún wa bóyá wọ́n bára mu níbẹ̀. Àwọn HLA fúnra wọn wá ni irú àwọn tó ń gbé ilé kan náà, wọ́n súnmọ́ra débi pé ìdì kan ṣoṣo ni òbí máa ń gbé wọn fún ọmọ. Ẹ̀yin ní ìdì méjì, ọkọ yín ní méjì, pé ọmọ méjì máa gba ìdì kan náà lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì wá jẹ́ 1 nínú 4. Ọmọkùnrin yín wà nílẹ̀ báyìí, ẹ lè ní kí wọ́n yẹ tiẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n máa gbà. Ti èyí tó wà nínú, pé kò ní jẹ́ SS tó tún máa bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin mu, a máa fi 1 nínú 4 sọ 3 nínú 4 di púpọ̀ torí 11 àti 6 ò jọ ṣèpàdé, ó jẹ́ 3 nínú 16.